Amáánà Ni Egungun Wa: Ọ̀rọ̀ Lórí Oòrùn àti Fítámínì D

  



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n á ní, kí ni wáàsí fẹ́ fi fítámínì ṣe, ṣé dókítà ti gba orí mínbárì ni? Ẹ fara balẹ̀. Nínú hadith tí Tirmidhi gbà wá, Ànábì (SAW) jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹrú Ọlọ́hun kò ní kúrò lójú kan lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ títí a ó fi bi í léèrè àwọn ọ̀rọ̀ kan, ara rẹ̀ àti ohun tí ó fi ara náà ṣe sì wà lára wọn. Bí a ó bá bi wá léèrè ara wa, a jẹ́ pé amáánà ni, a kì í sì í fi amáánà ṣeré.

Ẹ wo Suratul Kahfi tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kà lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọ̀dọ́ bíi tiyín ni àwọn tí ó sá wọ inú ihò àpáta nítorí ẹ̀sìn wọn. Ọlọ́hun sì mú kí wọ́n sùn fún ọdún 309. Ọba tí ó lè dá ẹ̀mí wọn sí láìjẹ láìmu fún irú ọdún bẹ́ẹ̀ kò nílò ohunkóhun láti fi tọ́jú ara wọn. Síbẹ̀, Ó sọ ọ̀nà tí oòrùn ń gbà kọjá lára ihò náà fún wa, nígbà tí ó bá ń yọ àti nígbà tí ó bá ń wọ̀. Ó tún sọ pé Òun ń yí wọn sí ọ̀tún, Òun ń yí wọn sí òsì. Mi ò sọ pé fítámínì D wà nínú Suratul Kahfi o! Ó ti ń pọ̀ jù láàárín àwa oníwàásù, kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí nǹkan lónìí, kí á sì máa wá aaya tí a ó so ó mọ́ lọ́la. Ohun tí mo rí fà yọ nínú ìtàn náà kò ju pé Ọlọ́hun a máa gba ọwọ́ ohun tí Ó dá ṣe iṣẹ́ Rẹ̀, ẹni tí ó bá sì kọ ohun tí Ọlọ́hun fi ṣe okùnfà, tí ó ní àdúà nìkan ti tó òun, kò tíì mọ ohun tí ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́. Ẹni tí ó bi Ànábì (SAW) léèrè nípa ràkúnmí rẹ̀, ṣebí a ní kí ó so ó mọ́lẹ̀ ná kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun?

Kí wá ni fítámínì D yìí? Àwọn fítámínì yòókù, ẹnu ni a fi ń jẹ ọ̀pọ̀ wọn. Ti D yàtọ̀. Irú ọ̀rá kan wà nínú awọ ara wa, Ọlọ́hun ló fi síbẹ̀. Bí ìtànṣán oòrùn kan tí ojú kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní UVB, bá bà á, yóò yí padà di fítámínì D. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ bá ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á ṣe tirẹ̀. Láti ibẹ̀ ó di ọ̀dọ̀ kíndìnrín, ibẹ̀ ni yóò ti di ohun tí ara lè lò. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó dájú jù ni pé ó ń ṣí ọ̀nà fún kálísíọ́mù láti inú ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí ó tó dé egungun. Bí fítámínì yìí bá pé lára, nǹkan bí 30 sí 40 nínú 100 kálísíọ́mù tí a bá jẹ ni ìfun máa ń gbà. Bí kò bá sí, kò ju 10 sí 15 lọ, ìyókù á bá ìgbẹ́ lọ. Ẹ ò rí i pé ènìyàn lè jẹ oúnjẹ tí ó dára kí egungun rẹ̀ sì máa pa ebi?

Bí ọmọdé bá ṣaláìní fítámínì yìí títí, egungun rẹ̀ kò ní le. Àrùn náà ni wọ́n ń pè ní ríkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ á pẹ́ kí ó tó rìn, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ á wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ tàbí kí orúnkún méjèèjì máa gbá ara wọn. Ti àgbàlagbà kì í hàn síta bẹ́ẹ̀. Egungun ìbàdí àti itan ni yóò máa ro ó, agbára iṣan á dínkù. Ẹ lè rí obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún tí ó jẹ́ pé bí ó bá forí kanlẹ̀ nínú ìrun, ọwọ́ méjèèjì ni yóò fi ti ilẹ̀ kí ó tó lè dìde. Àwọn ará ilé á ní làkúrègbé ni, wọ́n á máa ra oògùn ìnira fún un lọ́dún dé ọdún. Ó lè jẹ́ làkúrègbé lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ ohun tí à ń sọ yìí. Ẹni tí kò lọ ṣe àyẹ̀wò kò lè mọ̀.

Ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun ni ọ̀rọ̀ ríkẹ́ẹ̀tì ti kọ́kọ́ dá ìdààmú sílẹ̀ láàárín àwọn dókítà. Ní England, Francis Glisson tẹ ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀ ní 1650. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ sí i lẹ́yìn náà, tí èéfín èédú bo ojú ọ̀run àwọn ìlú ńlá, ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń gbé ní àdúgbò híhá ni àrùn náà bá jà jù. Ní 1822, dókítà ará Poland kan, Jędrzej Śniadecki, ti ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ inú ìlú Warsaw ni ó ń ní in, àwọn ọmọ ìgbèríko kì í sábà ní in. Ó ní oòrùn ni ìyàtọ̀ náà. Àwọn ènìyàn kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ó di 1919 kí Kurt Huldschinsky tó fi lámpù tí ń mú irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ jáde wo àwọn ọmọ tí ó ní ríkẹ́ẹ̀tì sàn ní Berlin. Apá kan ni ó tan ìmọ́lẹ̀ náà sí lára ọmọ, apá kejì tí kò rí ìmọ́lẹ̀ sì bá a san! Nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé awọ ara ń ṣe ohun kan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri. Láàárín àkókò kan náà, Edward Mellanby rí i ní England pé òróró ẹ̀dọ̀ ẹja kọ́ọ̀dù ń ṣiṣẹ́ kan náà, E. V. McCollum ará Amẹ́ríkà ló sì fún un ní orúkọ fítámínì D ní 1922.

Àwa tí a wà nílẹ̀ Yorùbá lè sọ pé, oòrùn wo ni kò sí lọ́dọ̀ tiwa? Òótọ́ ni. Alágbàṣe, àgbẹ̀, ìyá tí ń tajà lẹ́bàá títì, wọ́n ń rí tiwọn gbà láìbéèrè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbé ayé àwa ọ̀dọ́ òde òní. Láti Àsùbáà, a wọ inú ọkọ̀. Inú ọ́fíìsì tàbí kíláàsì la ó wà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọjọ́ ìsinmi sì rèé, orí ibùsùn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ẹlòmíràn á ní òun jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Gíláàsì fèrèsé kì í jẹ́ kí ìtànṣán UVB kọjá. Ooru nìkan ló ń bà yín níbẹ̀. Awọ dúdú tí Ọlọ́hun fi ṣe wá lọ́ṣọ̀ọ́ sì dà bí agboòrùn: ó ń dáàbò bò wá kí oòrùn má baà jó wa, ìyẹn náà ló fà á tí ó fi yẹ kí a pẹ́ nínú oòrùn ju aláwọ̀ funfun lọ kí a tó rí iye fítámínì kan náà.

Ìgbà wo ló wá yẹ kí ènìyàn jáde? Ọ̀pọ̀ ìyá ni a sọ fún pé oòrùn òwúrọ̀ kùtù, bí ó bá ti ń yọ gẹ́ẹ́, ni kí wọ́n gbé ọmọ sí. Oòrùn yẹn dára, ó tutù, ó ń múnú ẹni dùn, ṣùgbọ́n UVB inú rẹ̀ kéré púpọ̀, nítorí pé ìtànṣán náà ń rìn jìnnà nínú afẹ́fẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àmì tí àwọn onímọ̀ fi lélẹ̀ rọrùn, àwa Musulumi ló sì yẹ kí ó tètè yé jù: ẹ wo òjìji yín. Bí òjìji bá gùn jù yín lọ, ohun tí ẹ ó rí kò pọ̀. Bí ó bá kúrú jù yín lọ, iṣẹ́ ti ń lọ nínú awọ ara. Ṣebí òjìji yìí kan náà ni àwọn àgbà wa fi ń mọ Àyílà àti Àlàsárì kí aago tó dé? Nígbà tí òjìji bá kúrú tán tí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, Àyílà ti wọlé. Nígbà tí òjìji nǹkan bá gùn tó nǹkan náà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti yọ òjìji ọ̀sán gangan kúrò, Àlàsárì dé. Nílẹ̀ tiwa, láti nǹkan bí agogo mẹ́wàá ìyálẹ̀ta títí dé itòsí Àlàsárì ni òjìji wa fi ń kúrú jù wá lọ. Ọlọ́hun fi oòrùn àti ìyálẹ̀ta rẹ̀ búra nínú Suratu Shamsi, èmi a sì máa sọ fún àwọn tí mo ń kọ́ pé ìyálẹ̀ta yìí náà ni kí wọ́n lò: oòrùn ti lágbára, kò sì tíì máa jó ni. Ojú, apá àti ẹsẹ̀, fún bí ìlàjì wákàtí, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ti tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí. Àwọn àfín kò sí nínú èyí o. Oòrùn lè fa jẹjẹrẹ awọ ara fún wọn, oògùn ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ dókítà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọ́ di ìjọsìn. Bukhari gba ìròyìn wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas (RA) nípa ọkùnrin kan tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé inú oòrùn ni òun yóò dúró sí, òun kò ní jókòó, òun kò ní wá ibòòji, òun kò ní sọ̀rọ̀, òun yóò sì gbààwẹ̀. Ànábì (SAW) ní kí wọ́n sọ fún un kí ó jókòó, kí ó lọ sí ibòòji, kí ó sọ̀rọ̀, kí ó sì parí ààwẹ̀ rẹ̀.

Ó kù sí ọ̀dọ̀ ẹ̀yin arábìnrin wa. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí nà yín lẹ́gba, pé hijaab ló ń sọ yín di aláìsàn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé aṣọ a máa dí UVB, awọ tí kò bá rí oòrùn kò sì lè ṣe fítámínì D. Ní Saudi Arabia àti Kuwait tí oòrùn ti ń ràn bí iná, àwọn onímọ̀ ti rí i léraléra pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni fítámínì yìí kéré lára wọn, àwọn obìnrin sì pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ibẹ̀ náà wà níbẹ̀, nítorí ooru lé gbogbo wọn wọlé, sínú ẹ̀rọ amúlétutù. Hijaab kì í ṣe àrùn. Nǹkan ìta gbangba ni Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún. Nínú Suratu Nuuri Ó ka àwọn tí obìnrin lè ṣí ọ̀ṣọ́ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wọn. Ẹ̀yìnkùlé tí ó ní ògiri, bákónì tí àjèjì kò lè yọjú sí, àgbàlá ilé ẹbí níbi tí ó jẹ́ pé obìnrin ẹgbẹ́ yín ló wà, ẹ ká apá aṣọ sókè níbẹ̀ lásìkò ìyálẹ̀ta, ẹ fọ aṣọ, ẹ ṣa ẹ̀wà, ẹ kàwé yín. Ẹ̀yin arákùnrin tí ẹ ń kọ́lé, tí ẹ sì ń wá ìyàwó tí yóò bo ara rẹ̀, ṣé ẹ rántí fi ibi tí oòrùn lè bà á sílẹ̀ nínú ilé náà? Ilé aláyàrá kan tí kò ní fèrèsé dáadáa, tí ẹ ní kí ó má ti ibẹ̀ jáde, kì í ṣe ẹ̀sìn ni ẹ ń ṣe fún un. Arábìnrin tí kò bá ní irú àyè bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó ń wọ niqaab tí kì í sì í sí nílé lọ́sàn-án, oògùn fítámínì D wà. Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ iye rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aboyún wà níbẹ̀ tí ó ń dùn mí. Títí di òní, àwọn ìyàwó Musulumi wà tí ìyá ọkọ ti sọ fún pé aboyún kì í rìn lọ́sàn-án, kí ànjọ̀nú má baà pààrọ̀ ọmọ inú rẹ̀. Bí ó bá di dandan kí ó jáde, wọ́n á fi píìnì há aṣọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ààbò. Píìnì! Ta ni ẹ rò pé ó ń dáàbò bo ọmọ inú ikùn? Yàtọ̀ sí pé ó ń ba ìgbàgbọ́ jẹ́, ẹ wo ohun tí ó ń ṣe fún ara: oṣù mẹ́sàn-án ni obìnrin yóò fi sá fún oòrùn, bẹ́ẹ̀ sì ni ara ìyá ni ọmọ inú ti ń gba fítámínì D tí yóò bí i mọ́. Bí ooru ọ̀sán bá pọ̀, kí aboyún sá sí ibòòji, kò burú, kí ó má baà rẹ̀ ẹ́. Kí ó má ṣe jẹ́ nítorí ànjọ̀nú.

Lẹ́yìn ìbímọ ńkọ́? Ọlọ́hun ti fi ọdún méjì lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ pé ìfọ́mọlọ́yàn, kò sì sí oúnjẹ tí ó dára bí wàrà ìyá. Ṣùgbọ́n fítámínì D inú rẹ̀ kéré, pàápàá bí ìyá fúnra rẹ̀ kò bá ní. Láti 2008 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n máa fún gbogbo ọmọ tí ń mu ọyàn ní yúníìtì 400 lójúmọ́, èyí tí í ṣe máíkírógíráàmù 10, láti ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bá ti bí i. Oògùn inú ìgò kékeré ni, ẹ̀kán díẹ̀ ni à ń kán sí ọmọ lẹ́nu. Kò sọ pé kí ìyá má fọ́mọ lọ́yàn mọ́. Ẹ bi nọ́ọ̀sì yín léèrè rẹ̀ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá wá tẹ̀, ẹ má fi í pamọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ìyá rẹ̀ pé aráyé ló ń ṣe é. Bukhari gbà á wá pé Ọlọ́hun kò sọ àìsàn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀, tiwa ni kí á wá a kiri. Ìwòsàn náà kì í sì í ṣe ohun tí a ń fọkàn rò nígbà mìíràn. Àwọn dókítà ṣe ìwádìí ní Jos lórí ọmọ 123 tí ó ní ríkẹ́ẹ̀tì, èsì rẹ̀ jáde ní 1999. Wọ́n fún àwọn kan ní kálísíọ́mù, wọ́n fún àwọn kan ní fítámínì D, àwọn yòókù gba méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, nínú àwọn tí ó gba kálísíọ́mù nìkan, 61 nínú 100 ló dé ojú ìwòsàn tí wọ́n fi lélẹ̀. Nínú àwọn tí ó gba méjèèjì, 58. Nínú àwọn tí ó gba fítámínì D nìkan, 19 péré. Oòrùn kò wọ́n àwọn ọmọ náà. Oúnjẹ wọn ni kálísíọ́mù kò sí nínú rẹ̀ tó: ògì lówùúrọ̀, òkèlè lálẹ́, ẹran tàbí ẹja kò dé ẹnu ọmọ nítorí pé bàbá ló ni ín. Ṣé ẹ rí i? Ilẹ̀kùn tí fítámínì D ń ṣí, ó yẹ kí nǹkan wà tí yóò gba ibẹ̀ wọlé. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà, nọ́nọ̀, edé, ẹja wẹ́ẹ́wẹ́ tí à ń jẹ tẹran teegun, ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi, kálísíọ́mù wà nínú wọn. Fítámínì D fúnra rẹ̀ kò pọ̀ nínú oúnjẹ; ẹja ọlọ́ràá bíi títùs àti sàdíìnì ló ní in jù, ó tún wà díẹ̀ nínú pupa ẹyin àti ẹ̀dọ̀.

Kí á má sì sọ ọ́ di gbogboǹṣe. Nígbà àrùn kòrónà ní 2020, àwọn kan ń gbé e mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ènìyàn 25,871 ṣe ìwádìí, àwọn kan ń lo yúníìtì 2,000 lójúmọ́, àwọn kan ń lo ayédèrú oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, kò dín iye àwọn tí jẹjẹrẹ tàbí àrùn ọkàn mú kù. Ẹni tí ara rẹ̀ ti ní in tó kò rí èrè kan nínú àfikún. Bí ó bá sì pọ̀ jù, kálísíọ́mù á kún ẹ̀jẹ̀, á máa bini lóòyì, á sì ba kíndìnrín jẹ́. Oòrùn kì í fún ni ní àpọ̀jù rẹ̀, Ọlọ́hun ti fi òdiwọ̀n sí awọ ara. Inú ìgò oògùn ni ewu wà. Àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ kọjá yúníìtì 4,000 lójúmọ́ fúnra rẹ̀, àfi bí dókítà bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Manchester àti àwọn ìlú òtútù mìíràn, ọ̀rọ̀ tiyín le díẹ̀. Láti oṣù kẹwàá títí dé ìparí oṣù kẹta, oòrùn ibẹ̀ kì í ga tó láti mú awọ ara ṣe fítámínì D rárá, bí ó ti wù kí ojú ọjọ́ mọ́ tó. Láti 2016 ni ìjọba Britain ti ń gba gbogbo ènìyàn níyànjú láti lo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ ní àkókò òtútù, tí wọ́n sì ní kí aláwọ̀ dúdú àti ẹni tí aṣọ bo ara rẹ̀ ronú láti máa lò ó yí ọdún ká. Ẹ̀yin méjèèjì sì ni ẹ jẹ́ pọ̀.

Ẹ máa bi wá bóyá oògùn náà jẹ́ halaali. Èyí tí à ń pè ní D3, ọ̀rá ara irun àgùntàn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, ìyẹn kò ní wàhálà. D2 wá láti ara ìwúkàrà tàbí olú. Èèpo kápúsù ni kí ẹ yẹ̀ wò, nítorí jẹ́látìn rẹ̀ lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ kà á lára páálí, tàbí kí ẹ ra èyí tí ó jẹ́ ẹ̀kán tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì. Òróró ẹ̀dọ̀ ẹja náà dára, ṣùgbọ́n kí aboyún má lò ó, fítámínì A inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọ inú. Nínú oṣù Ramadan, ẹ lò ó nígbà ìṣínu tàbí sààrì pẹ̀lú oúnjẹ tí ó ní epo díẹ̀, torí inú ọ̀rá ni fítámínì yìí ti ń yọ́ kí ìfun tó gbà á.